Ilé Ìwòsàn Kì Í Wo Àìsàn, Ènìyàn Ló Ń Wò Ó

Àwọn àgbà ní ìlera loògùn ọrọ̀. Kò sí ìyá ọlọ́jà kan ní Èjìgbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ní ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ tí ibà bá dá ẹlẹ́lùbọ́ dùbúlẹ̀, ìsọ̀ rẹ̀ kò ní ṣí lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tí ọmọ télọ̀ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, maṣíìnì dákẹ́ nìyẹn, aṣọ oníbàárà ò sì ní jáde. Àìsàn kì í mú ara nìkan. Owó ọjà, owó àjọ, owó iléèwé ọmọ, gbogbo rẹ̀ ló ń gbá lọ.

Ṣùgbọ́n àìsàn ìgboro ò rí bí àìsàn oko. Ẹni tó wà láàárín ìlú, bí àìsàn bá ká a mọ́ lóru, á kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, wọ́n á jọ wá ọ̀nà. Ẹ wá fojú inú wo obìnrin tó wà ní abà kan lẹ́yìn Ìfẹ̀-Ọ̀dàn, tàbí lọ́nà oko Ọlá, tàbí ní apá Ìlawọ̀ àti Ìsúndúnrin. Aago kan òru ni. Ara ọmọ ọdún méjì ń jó bí iná, ojú rẹ̀ ti ń yí, gìrì ti fẹ́ mú un. Òjò ti rọ̀, ọ̀nà ti di ẹrẹ̀. Ọlọ́kadà kan ṣoṣo tó wà lábúlé ti lọ sùn sí ibòmíì. Kí ni ìyá yìí fẹ́ ṣe? Àgbo ló máa kọ́kọ́ sáré sí. Bí àgbo ò bá gbà á, oògùn tó ṣẹ́ kù sínú ọ̀rá lọ́dọ̀ aládùúgbò ni, oògùn tí ẹnikẹ́ni ò mọ ọdún tó ti wà níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ohun tí nọ́ọ̀sì ì bá fi ìwọ̀nba àkókò yanjú ti di ẹkún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá dunni ni pé ó ṣeé ṣe kí ilé ìwòsàn wà nítòsí obìnrin yìí o. Wọ́n ti kọ́ ọ. Wọ́n ti kùn ún lọ́dà. Pátákó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n sì ti ya fọ́tò lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Àmọ́ kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ sì ti padà sígboro. Ilé wà, ènìyàn ò sí níbẹ̀. Ta ni odi máa wá fún un lóògùn?

Ẹ má tíì bú nọ́ọ̀sì o. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tó ń sùn. Ṣé wọ́n kọ́ yàrá kan fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn náà? Ṣé omi wà níbẹ̀? Ṣé iná wà? Ṣé ilẹ̀kùn tó ṣeé tì wà, kí obìnrin kan ṣoṣo lè sùn nínú igbó láìsí ìbẹ̀rù? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tó bá wọ ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀? Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìwòsàn tí kò ní olùgbé kò lè dúró pẹ́ títí.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ ÌMẸ̀SÍ-ILÉ

Àwọn kan máa ń rò pé ìwòsàn gidi kò lè dé abúlé àfi tí wọ́n bá kọ́ ọsibítù ńlá síbẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ̀rí rẹ̀ ò jìnnà, nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí ló wà. Ìmẹ̀sí-Ilé ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbókun.

Ní 1956, dókítà ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé sí ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà. Ohun tó bá nílẹ̀ burú. Àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún ń kú bí ewé. Àrùn éèyi tó máa ń sú sí ọmọ lára, tí ojú á pọ́n, tí ikọ́ á gbé e, ń pa wọ́n. Ikọ́ líle ń pa wọ́n. Ibà ń pa wọ́n. Ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunrekánú ń bá ìyókù lọ. Bí wọ́n bá fi máa gbé ọmọ dé Iléṣà, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Morley rí i pé bí òun bá jókòó sí Iléṣà tí òun ń retí wọn, òkú ọmọ ni wọ́n á máa gbé wá. Ló bá mú iṣẹ́ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí àwọn ìyá wà. Ọjọ́ kan náà, ojú kan náà, ni wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tó ń ṣàìsàn, tí wọ́n ti ń wọn ọmọ tí ara rẹ̀ le, tí wọ́n ti ń fún un lábẹ́rẹ́, tí wọ́n sì ti ń bá ìyá sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Wọn ò ní kí ìyá oko wá lónìí nítorí ibà, kó tún padà wá lọ́la nítorí abẹ́rẹ́. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń ro oko, tó ń dín gàrí, tó sì ń rajà, kò ní ọjọ́ méjì láti fi ṣòfò.

Kì í sì í ṣe dókítà ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà. Àwọn nọ́ọ̀sì ni. Dókítà ń kọ́ wọn, wọ́n sì ń ṣe é. Lára àwọn tó bá Morley ṣiṣẹ́ ni nọ́ọ̀sì Margaret Woodland, tí òun àti Morley jọ kọ ìwé lórí bí ọmọdé ṣe ń dàgbà.

Nǹkan kan tún wà tó jẹ́ pé láti ibẹ̀ ló ti tàn ká gbogbo ayé. Káàdì ni. Ìlà méjì ló wà lórí káàdì náà tó ń gòkè bí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Lóṣooṣù ni wọ́n ń gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, tí wọ́n á sì fi tóótó sí ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ bọ́ sí. Bí tóótó bá ń gòkè lójú ọ̀nà, ara ọmọ ń dá. Bó bá dúró sójú kan, tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀, ewu ń bọ̀ nìyẹn, kódà bí ọmọ náà ṣì ń ṣeré. Ìyá tí kò kàwé rí lè fojú rí i. Ìyá náà ló sì ń gbé káàdì lọ sílé, nínú ọ̀rá. Wọn ò kó o pa mọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù ọsibítù. Àwọn kan rò pé ìyá oko á sọ ọ́ nù. Wọn ò sọ ọ́ nù. Ṣé ìyá tó mọ iye kọ́bọ̀ tí oníbàárà jẹ ẹ́ láti ọjọ́ márùn-ún ni yóò sọ ìwé ọmọ rẹ̀ nù?

Abẹ́rẹ́ éèyi tí wọ́n ń fún ọmọ ní gbogbo àgbáyé lónìí náà, ọwọ́ Ìmẹ̀sí-Ilé wà nínú rẹ̀. Ní 1960, dókítà Samuel Katz wá láti Amẹ́ríkà, wọ́n sì dán abẹ́rẹ́ náà wò lára àwọn ọmọ níbẹ̀, kó tó di pé Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1963. Láàárín ọdún díẹ̀, iye ọmọ tó ń kú ní Ìmẹ̀sí-Ilé wálẹ̀ gan-an. Wọn ò kọ́ ilé alájà mẹ́ta síbẹ̀. Ènìyàn tó wà níbẹ̀, ìwọ̀n, káàdì, abẹ́rẹ́ àti oúnjẹ ni wọ́n fi ṣe é.

OHÙN TÓ TI WÀ NÍLẸ̀ TIPẸ́

Ní 1978, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kó ara wọn jọ sí Alma-Ata, ní Kazakhstan tó wà lábẹ́ Soviet Union nígbà náà. Wọ́n fẹnu kò pé ìlera gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn kó tó di ọdún 2000, àti pé ìtọ́jú tó sún mọ́ ilé ni yóò kọ́kọ́ ṣáájú, kí ọsibítù ńlá tó tẹ̀ lé e. Ọdún 2000 ti kọjá tipẹ́. Ẹ bi ará abà bóyá ìlera ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó jẹ́ dókítà ọmọdé, di mínísítà ètò ìlera ní 1985. Dípò kó máa fi owó kọ́ ọsibítù ńláńlá sí olú ìlú, ìjọba ìbílẹ̀ 52 ló kọ́kọ́ fi ètò ìwòsàn alábọ́dé lọ́lẹ̀. Ó ní kí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé abúlé. Ó ní kí àwọn ìyá mọ bí wọ́n ṣe ń po iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru. Ó ti di olóògbé láti 2003, ṣùgbọ́n ọmọ tí omi náà gbà là pọ̀ ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ.

Ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe, kó rántí sòbìà. Ta ni kò mọ sòbìà láyé àtijọ́, kòkòrò gígùn tó máa ń yọ lẹ́sẹ̀ àgbẹ̀ lásìkò iṣẹ́, tí gbogbo ilé á dùbúlẹ̀, tí iṣu á jẹrà sóko? Nígbà tí wọ́n ka iye ẹni tó ní in ní Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n ju 600,000 lọ. Kò sí abẹ́rẹ́ rẹ̀, kò sí oògùn rẹ̀. Ohun tó lé e lọ ni pé wọ́n yan ènìyàn kan lábúlé kọ̀ọ̀kan, ọmọ abúlé náà fúnra rẹ̀, wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ sẹ́ omi odò kí wọ́n tó mu ún, àti bí kò ṣe ní jẹ́ kí ẹni tí sòbìà ń yọ lára rẹ̀ wọ odò. Ó ń lọ láti ilé dé ilé. Ní 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ní sòbìà ní Nàìjíríà, ní 2013 wọ́n sì kéde pé ó ti tán pátápátá. Iṣẹ́ ọmọ abúlé ni.

Bákan náà lọ̀rọ̀ rí ní Etiópíà. Láti 2003, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yan ọmọbìnrin méjì méjì ládùúgbò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ́ wọn fún ọdún kan, wọ́n dá wọn padà sí àdúgbò wọn, wọ́n sì ń san owó oṣù fún wọn. Wọ́n ju 30,000 lọ. Nígbà tó fi máa di 2013, Etiópíà ti dín ikú ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó jẹ́ ní 1990. Àṣírí rẹ̀ ò ju pé ọmọ ilé ni wọ́n yàn. Àlejò á lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ọmọ ilé ti wà nílé.

Nítorí náà, abúlé tó bá fẹ́ nọ́ọ̀sì tí yóò dúró, kó wo inú àwọn ọmọ tirẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Iléṣà. Bí ẹbí bá lè dá owó jọ fún ìgbéyàwó, bí ẹgbẹ́ bá lè dá aṣọ jọ fún òkú àgbà, wọ́n lè dá owó jọ rán ọmọ kan lọ kọ́ iṣẹ́ ìlera, lórí àdéhùn pé yóò padà wá ṣiṣẹ́ nílé.

KỌ́BỌ̀ KAN NÍNÚ NÁÍRÀ

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn, ẹ̀yin oníṣòwò sì lẹ mọ owó kà jù. Òfin ìlera tí Nàìjíríà ṣe ní 2014 sọ pé, ó kéré tán, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá wọ àpò ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí ìtọ́jú ìlera alábọ́dé. Kọ́bọ̀ kan nínú náírà kan nìyẹn. Ní 2018 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sínú ètò ìsúná. Apá kan owó náà wà fún ilé ìwòsàn alábọ́dé, kan nínú wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, tààrà sínú àkáǹtì ilé ìwòsàn náà ló sì yẹ kó bọ́ sí, kí wọ́n fi ra oògùn, kí wọ́n fi tún ilé ṣe, kí wọ́n fi sanwó ọkọ̀ ẹni tó ń gbé abẹ́rẹ́ lọ sí abà. Apá kan tún wà fún ìnṣọ́ránsì ìlera àwọn tí apá wọn ò ká owó ìtọ́jú, pàápàá aláboyún, ọmọ kékeré àti arúgbó. Orúkọ ni wọ́n ń kọ o. Ẹni tí kò bá kọ orúkọ, kò sí níbẹ̀.

Wọ́ọ̀dù 332 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, 11 nínú wọn wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò. Ó yẹ kí ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ará ìlú, ìyálọ́jà, oníṣẹ́ ọwọ́, ìmáàmù àti pásítọ̀ jókòó pẹ̀lú ọ̀gá ilé ìwòsàn, kí wọ́n jọ mọ iye tó wọlé àti ohun tí wọ́n fi rà. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ má gbọ́ nípa ìgbìmọ̀ yìí rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sí níbi tí wọ́n ti ń pín ẹran, kó má ṣe yà á lẹ́nu bó bá jẹ́ egungun ni wọ́n gbé wá fún un.

Ẹ wá rántí àwọn ará Abidjan. Gbogbo ẹni tó mọ Èjìgbò ló mọ̀ pé àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀ ní Kódífọ́à láti ayé àwọn òbí wọn àgbà, tó fi jẹ́ pé èèyàn máa ń gbọ́ Faransé lọ́jà Èjìgbò bí ẹni ń gbọ́ Yorùbá. Wọ́n kọ́lé, wọ́n sì ń rántí ilé. Bí wọ́n bá tún fẹ́ ṣe oore fún abúlé, kí wọ́n má sáré kọ́ ilé ìwòsàn tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà ní títì. Yàrá méjì ni kí wọ́n kọ́ fún nọ́ọ̀sì, kí wọ́n gbẹ́ kànga, kí wọ́n fi iná oòrùn sí i, kí fíríìjì abẹ́rẹ́ lè ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ò fẹ́ ooru. Láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló yẹ kó wà. Bó bá gbóná jù, ó lè di omi lásán, ìyá á sì rò pé wọ́n ti fún ọmọ òun lábẹ́rẹ́.

TA NI YÓÒ GBÉ E LÓRU?

Kò sí bí nọ́ọ̀sì abúlé ṣe mọ iṣẹ́ tó, àwọn àìsàn kan wà tó ju agbára rẹ̀ lọ. Èjìgbò ò ju bíi kìlómítà 30 sí Ogbómọ̀ṣọ́ lọ, ó sì tó bíi 24 sí Ẹdẹ. Láti 1907 ni Dókítà George Green ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ogbómọ̀ṣọ́, èyí tó ti di ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Bowen. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí dókítà ti wà níbẹ̀, síbẹ̀ obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ní abà lóru, ńṣe ló dà bí ẹni pé ìlú òyìnbó ni Ogbómọ̀ṣọ́ wà. Mọ́tò ló yẹ kó mú kìlómítà 30 rọrùn, ta ló wá ni mọ́tò náà?

Àwọn ará Gombe àti Adamawa ní òkè ọya ti rí ọgbọ́n kan dá sí i. Wọ́n bá ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW sọ̀rọ̀. Àwọn awakọ̀ tó yọ̀ọ̀da ara wọn gba ẹ̀kọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń gbé aláboyún tó wà nínú ewu, wọ́n sì fi nọ́ńbà fóònù wọn sílẹ̀ lábúlé. Bí wọ́n bá pè wọ́n, wọ́n ń lọ. Owó epo nìkan ni, wọn kì í dúró du iye owó. Kí wá ni èrè wọn? Ní Adamawa, bí awakọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé gáréèjì, kò ní tò sórí ìlà. Òun ni yóò kọ́kọ́ kérò. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n! Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀, kò sì pa awakọ̀ lára. Ṣé ẹgbẹ́ ọlọ́kadà àti ẹgbẹ́ awakọ̀ ní Èjìgbò ò lè ṣe irú rẹ̀? Ṣé ẹgbẹ́ ọlọ́jà ò lè ya owó epo kékeré sọ́tọ̀ nínú owó ẹgbẹ́, tí ẹni tó yá a yóò dá a padà bí ara bá dá?

OHUN TÓ WÀ LỌ́WỌ́ ÌYÁ FÚNRA RẸ̀

Kí ènìyàn tó dé, àwọn nǹkan wà tí ìyá lè ṣe nílé. Ọmọ tó ń ṣu gbuuru, omi ara rẹ̀ ló ń tán lọ, àìlómi lára ló sì ń pa á. Ẹ wá ORS ní ilé ìwòsàn tàbí ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, kí ẹ béèrè zinc mọ́ ọn, tí wọ́n máa ń lò fún ọjọ́ 10 sí 14. Bí kò bá sí ORS, omi tó mọ́ lítà kan, ìyẹn ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì tó jẹ́ 50cl, ṣúgà ṣíbí ìpotíì mẹ́fà tí kò kún kọjá ẹnu, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí náà. Kí iyọ̀ má pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ o, nítorí iyọ̀ àpọ̀jù léwu. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fún un. Ọyàn ò gbọdọ̀ dúró.

Abẹ́rẹ́ ọmọdé, ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9 àti oṣù 15. Ti oṣù 9 àti 15 ni ti éèyi. Abẹ́rẹ́ tó wà fún ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá lòdì sí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà láti 2023, Ọ̀ṣun sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí èèyàn ń rí lẹ́sẹ̀ àwọn àgbàlagbà kan, abẹ́rẹ́ ẹnu ló lé e lọ, tí wọ́n fi kéde ní 2020 pé irú rẹ̀ àtilẹ̀wá ti tán ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Nígbà tí ọmọ bá sì ti ń jẹun, ògì nìkan ò tó. Ẹ fi ẹ̀wà, sóyà, ẹ̀pà, edé tàbí ẹyin kún un. Ibẹ̀ ni tóótó orí káàdì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn àmì kan wà tí kì í ṣe ti agbo ilé mọ́. Ọmọ tí kò lè mu ọyàn tàbí omi, tó ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ, tí gìrì mú, tó ń sùn láìjí dáadáa, tàbí tí igbá àyà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí: ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tí orí ń fọ́ gidigidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, tí gìrì mú, tàbí tó ti ń rọbí láti òwúrọ̀ di alẹ́: ẹ gbé e lọ. Kí oòrùn má yọ kó sì wọ̀ lórí ìrọbí ẹnikẹ́ni. Ìyá abíwẹ́rẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ni èyí tó mọ ibi tí agbára òun mọ, tó sì tètè ké sí ọlọ́kadà.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN

Ará abà ló ń gbé iṣu wá sí Èjìgbò. Òun ló ń gbé ẹ̀gẹ́, òun ló ń gbé àgbàdo àti ẹ̀fọ́ wá. Bí àìsàn bá sé e mọ́ oko, ìsọ̀ ìgboro náà á ṣófo. Kò sí ọlọ́jà tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ọlọ́jà tàbí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ bá tún ṣèpàdé, kí wọ́n rán ènìyàn mẹ́ta sí ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù wọn. Kí wọ́n má lọ jà. Kí wọ́n kí ọ̀gá ibẹ̀ dáadáa, kí wọ́n wá bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Ta ló ń sùn síbí lóru? Ọjọ́ wo ni ọjọ́ abẹ́rẹ́, ta ló sì ń gbé e dé abà? Nọ́ńbà awakọ̀ wo ni ẹ ń pè bí aláboyún bá wà nínú ewu? Èló ló wọlé láti oṣù mẹ́ta, kí ni ẹ fi rà?

Bí ọ̀gá náà bá ní ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n dúpẹ́, kí wọ́n sì ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá ní ìkankan, kó má jẹ́ òun nìkan ni wọ́n á dá lẹ́bi. Kí wọ́n béèrè pé kí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n wá jọ lọ bá alága kánsù àti Kábíyèsí, kí wọ́n sì tún padà wá béèrè lóṣù tó tẹ̀ lé e. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìmẹ̀sí-Ilé kì í ṣe ìlú ọlọ́rọ̀ ní 1956. Ìyá tó ń gbé ọmọ wá sórí ìwọ̀n lóṣooṣù àti nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ láti wọ̀n ọ́n ni wọ́n ní, ìyẹn náà sì tó láti bẹ̀rẹ̀.